Ṣé kí n ta mountain bike mi ni, àbí mo lè máa fi ṣe eré ìdárayá lórí títì ọlọ́dà?

Ìyá Ìbejì Òjòó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa kẹ̀kẹ́. Tíṣà ni mí, ẹni ọdún 47. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó jẹ́ 150/95. Dókítà fún mi lóògùn, ó sì ní kí n máa lo ara mi dáadáa. Eré sísá ò bá mi lára mu, ni mo bá ra mountain bike tòkunbọ̀ kan, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà òkè àti ilẹ̀ gbágungbàgun, onítáyà 26, tó ní jíà mọ́kànlélógún. Táyà rẹ̀ rí págunpàgun bíi ti katakata.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni mo ń gùn ún. Kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù ni mo ti ń kúrò ní Òjòó, màá gba ẹ̀gbẹ́ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Ìbàdàn níbí, kọjá lọ sí Mọníyà, màá sì yí padà. Ogójì ìṣẹ́jú ló ń gbà mí ní àlọ àti àbọ̀. Ìṣòro mi ni pé kẹ̀kẹ́ náà wúwo lẹ́sẹ̀. Ńṣe ló dà bíi pé inú ẹrẹ̀ ni mo ti ń fà á, táyà á sì máa hó hùùù lórí ọ̀dà. Iwájú orúnkún mi máa ń ro mí títí di ọ̀sán, bí mo bá dúró kọ́ àwọn ọmọ. Láàárọ̀ àná, ọmọkùnrin kan tó gun kẹ̀kẹ́ eré, tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín bí ìka, kọjá lára mi níwájú géètì IITA bí ẹni pé mo dúró sójú kan. Ọkọ mi ní kí n ta tèmi, kí n wá irú ìyẹn rà. Ó dùn mí, torí owó àjọ mi ni mo fi rà á. Ṣé lóòótọ́ ni mountain bike ò wúlò lórí títì?

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe Bódìjà:
Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á. Ọkàn yín ò mọ irú táyà tí ẹ ń gùn. Bí ẹ ṣe ń mí, bí òógùn ṣe ń bọ̀, òun ló mọ̀. Ọmọkùnrin yẹn yára jù yín lọ lóòótọ́, ìyẹn ò ní kí ara tiẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ju tiyín lọ. Afẹ́fẹ́ táyà àti ìjókòó ni mo fura sí.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, wọ́n kọ iye afẹ́fẹ́ tó ń gbà síbẹ̀, bíi 35–65 PSI. Ẹnu fáàfù mountain bike sábà máa ń bá ti mọ́tò dọ́gba, fọkanáísà èyíkéyìí lè fún un. Ṣùgbọ́n ẹ dúró tì í o! Túùbù kẹ̀kẹ́ kéré, ẹ̀rọ wọn sì lágbára. Kí ó máa fún un díẹ̀díẹ̀, kí ó máa wọ̀n ọ́n. 50 dáa lórí ọ̀dà.

Lẹ́yìn náà, ẹ fara ti ògiri, ẹ jókòó sórí kẹ̀kẹ́, ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dà nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán. Bó bá ṣì ká, ìjókòó ti lọ sílẹ̀ jù nìyẹn, irú rẹ̀ ló sì máa ń mú iwájú orúnkún ro ni. Tí ẹ bá wá ń gùn ún, iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ ni kí ẹ máa fi tẹ̀ ẹ́.

Jíà wo lẹ ń lò?

Ìyá Ìbejì Òjòó:
Èyí tó tóbi jù níwájú, èyí tó kéré jù lẹ́yìn. Mo rò pé bó bá ṣe le tó ni ara ṣe ń jàǹfààní tó.

Ọmọ Ìbàdàn ní Manchester:
Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ gan-an ni orúnkún yín ti ń jìyà. Ẹ fi ti iwájú sí àárín, ẹ wá jẹ́ kí ẹsẹ̀ máa yí wéréwéré. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá lọ sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15: tó bá ti tó 18 sí 20, ó ti dáa.

Mountain bike ni èmi náà ń gùn lọ síbi iṣẹ́ níbí. Mo yọ táyà págunpàgun, mo fi táyà pẹlẹbẹ 26 x 1.5 sórí rímù kan náà, ariwo yẹn sì dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Kí ẹ tó rí irú rẹ̀ rà, ẹ rọra yí kọ́nà lásìkò òjò, torí orí págunpàgun yẹn nìkan ló ń kan ọ̀dà, ó sì máa ń tẹ̀. Tí ohun róbótó kan bá wà lórí ṣọ́ọ̀kì iwájú tó ṣe é yí, ẹ yí i kí ṣọ́ọ̀kì lè le. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, agbára yín ló máa ń gbé mì bí ẹ bá ń gun òkè.

Bàbá Ológeere:
Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀, àfi 50 yẹn. Bí ìyá wa ò bá sanra, 40 sí 45 ti tó. Tó bá le jù, gbogbo kòtò ni ọwọ́ àti ẹ̀yìn wọn máa mọ̀ lára. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn mountain bike ní Ìbàdàn nìyí: bí Máíkírà bá já wọ iwájú ẹni láti gbé èrò, èèyàn lè bọ́ sí etí títì tó ti jẹ, kó má sì ṣubú. Táyà tín-ín-rín ò lè gba ìyẹn.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ó kéré tán kí àgbàlagbà máa fi 150 ìṣẹ́jú lo ara lọ́sẹ̀. 120 lẹ ń ṣe. Ẹ fi àárọ̀ Sátidé kún un. Ẹ dé akoto, ẹ fi iná pupa sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, torí ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán lásìkò yẹn. Mo sì bẹ̀ yín, bí ara bá ti ń yá, ẹ má dá oògùn dúró láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Òjòó:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Fọkanáísà wọn táyà iwájú, 18 ló wà níbẹ̀! Ti ẹ̀yìn jẹ́ 22. A fún méjèèjì dé 45. Ọmọ mi fi sípánà tú ìjókòó, ó gbé e sókè ní ìka mẹ́ta, kí ẹsẹ̀ mi tó nà tán. Láàárọ̀ òní, ìṣẹ́jú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi lọ tí mo fi bọ̀. Aago méjì ọ̀sán ti lù báyìí, orúnkún ò tíì ro mí. Lọ́jọ́ Sátidé, màá gùn ún kọjá dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin Mọníyà.

Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta táyà pẹlẹbẹ 26 x 1.5 ní Ìbàdàn?