Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, òfì tí mo ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò tà mọ́

Aláṣọ Òfì:
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá mi. Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ sọ mí di wèrè ni mo ṣe gbé e wá síbí. Òfì ni mo ń tà: ẹtù, sányán, àlàárì, àti àwọn aláràbarà tí wọ́n fi ń ṣe aṣọ ẹbí. Mi ò ní ṣọ́ọ̀bù, inú ilé ni mo ti ń tà á ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, lórí WhatsApp àti Facebook. Òjé ni mo ti ń rà á, nígbà míì màá lọ sí Ìṣẹ́yìn. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá gbé àwòrán méjì péré sórí status, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnì kan á ti sanwó. Ní báyìí, bí mo gbé ogún, wọn ò ní yọjú. Àwọn tó bá yọjú gan-an, "Èló ni?" ni wọ́n á bi mí, tí mo bá ti dárúkọ owó, ó parí nìyẹn. Obìnrin kan ní kí n ya fídíò, mo yà á. Ó ní kí n tẹ́ ẹ sójú oòrùn kí òun rí àwọ̀ ẹ̀ dáadáa, mo tẹ́ ẹ. Ó wá ní òun máa bi ọkọ òun. Ọkọ ọ̀hún ò tíì fèsì dòní.

Mo san ₦20,000 fún ìpolówó. Àwọn ọmọkùnrin tó ń gbé Màídúgùrì àti Kátsínà ló ń tẹ ọkàn sí i. Kí ni wọ́n fẹ́ fi gèlè ṣe? Àbúrò ọkọ mi ní òun ti sọ fún mi pé kí n lọ kọ́ kéèkì ṣíṣe. Aṣọ kún inú àpótí, ọjọ́ èésú ti ń súnmọ́, owó tí mo lè ná sórí ọjà yìí ò sì ju ₦30,000 lọ. Kí ni kí n ṣe? Ẹ má sọ pé kí n gba ṣọ́ọ̀bù o. Owó ṣọ́ọ̀bù Gbági kì í ṣe ẹgbẹ́ mi.

Ìyá Ìbejì:
Pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó wa. Ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà yìí, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ jàre. Bàtà ọmọdé lèmi ń tà. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan l'Ọ́yọ̀ọ́ láti páàkì, ó pè mí pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló dé. Awakọ̀ ní méjì lòun gbé. Èmi náà mọ̀ pé méjì ni mo dì. Mo dá owó padà ṣáá. Ẹ fi àdúrà kún un, ayé ń wo èèyàn.

Ọmọ Pólì:
Àǹtí, ẹ jẹ́ ká yẹ ìpolówó yẹn wò ná. Ṣé ẹ yan ìlú tẹ́ ẹ fẹ́ kó dé? Tẹ́ ẹ bá fi gbogbo Nàìjíríà sílẹ̀, ibi tó bá wu ẹ̀rọ ni yóò gbé e lọ. Ẹ yan Ìbàdàn, Èkó àti Abẹ́òkúta, kẹ́ ẹ yan obìnrin tó ti ń dá aṣọ ẹbí, ká ní láti ọmọ ọdún 28 sókè. Kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé ẹ fẹ́ kí èèyàn kọ̀wé sí yín ní WhatsApp. Tẹ́ ò bá sọ bẹ́ẹ̀, àwọn tó fẹ́ràn kí wọ́n máa tẹ ọkàn ni yóò kó wá fún yín.

Alhaja Aláǹkárá:
Ìwọ yìí, o ò kọ iye owó sára àwòrán, o wá ń bínú pé wọ́n ń bèèrè èló ni! Kọ owó síbẹ̀. Ẹni tí agbára ẹ̀ ò ká a kò ní yọ ẹ́ lẹ́nu. WhatsApp Business tí wọ́n ń lò lọ́fẹ̀ẹ́ ní ibi tí wọ́n ń to ọjà sí pẹ̀lú owó ẹ̀.

Bọ̀dá Télọ̀:
Ẹ má kọ owó o! Aláṣọ míì á rí i, á yọ ẹgbẹ̀rún kan kúrò lára tiẹ̀, oníbàárà yín á gba ọ̀dọ̀ ẹ̀ lọ. Ìbàdàn la wà, a máa ń ná ọjà ni.

Alhaja Aláǹkárá:
Bọ̀dá, ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà tó fẹ́ fi ₦200,000 ra aṣọ ìgbéyàwó fún ìyá ẹ̀, ṣé á jókòó máa bá yín ná ọjà ní òru?

Bọ̀dá Télọ̀:
Èló lára wọn ló ń ra tiyín?

Aláṣọ Òfì:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. N kì í kọ owó nítorí pé owó òwú ń yí. Iye tí wọ́n tà á fún mi lọ́jà tó kọjá kọ́ ni wọ́n máa tà á lọ́jà tó ń bọ̀.

Olùkọ́ Feyìntì:
Ẹ wo ìgbà náà pẹ̀lú. Ayẹyẹ ló ń ta òfì. Lọ́dún 2025, ààwẹ̀ Ràmàdáánì àti Lẹ́ńtì jọ wọ inú oṣù Kẹta ni. Ta ló ń ṣègbéyàwó nígbà yẹn? Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kẹ́ ẹ má kó owó pamọ́ sínú aṣọ mọ́. Ọjà òfì Òjé tó ń ná ní ìtàdínlógún yẹn, ẹ dé bẹ̀ láàárọ̀, kẹ́ ẹ ya fídíò ohun tó wà nílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ san ìdajì kẹ́ ẹ tó rà á. Owó wọn lẹ óò fi rajà.

Ọmọ Pólì:
Bàbá, ìyẹn dáa gan-an. Àǹtí, èèyàn mélòó ló ń wo status yín báyìí? Mélòó ló ń wò ó tẹ́lẹ̀?

Aláṣọ Òfì:
Wọ́n máa ń lé ní igba tẹ́lẹ̀. Báyìí, tó bá pọ̀, ogójì. Wọ́n ti ń fi mí pamọ́ ni, ènìyàn ò fẹ́ rere fún ẹni.

Ọmọ Pólì:
Igba èèyàn ò lè pawọ́ pọ̀ fi yín pamọ́, Àǹtí. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà yín nínú fóònù ẹ̀, tí ẹ̀yin náà ní tiẹ̀, nìkan ló ń rí status yín. Ṣé ẹ pààrọ̀ nọ́ńbà ni?

Aláṣọ Òfì:
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé fún àdúrà. Ṣé wọ́n padà rí ẹsẹ̀ bàtà kejì?

Alhaja Aláǹkárá:
Dúró ná. Kọ́tìnì aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn àwòrán tí o gbé síbí, mo mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ẹ ni mo ti ra ẹtù tí mo lò níbi ìkómọ ọmọ ọmọ mi. Nọ́ńbà ẹ wà lọ́wọ́ mi, o sì ń gbé aṣọ sórí status lójoojúmọ́. Àná gan-an o gbé àlàárì kan. Mo tiẹ̀ ti sanwó sányán fún ẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọjà wo ni ò wá tà?

Aláṣọ Òfì:
Yéè! Alhaja, èmi kọ́ o!

N ò fẹ́ fa ọ̀rọ̀ yìí wá síbí. Ọmọ kan ń bá mi ṣiṣẹ́, òun ló ń bá mi ya àwòrán. Orúkọ ẹ̀ la fi gba líìnì yẹn, torí nígbà tí wọ́n sọ NIN di dandan, èmi ò tíì ní. Ìjà dé láàárín wa lórí owó, ó bínú lọ, ó gba líìnì ẹ̀ padà. Mo ní kó máa mú un lọ, ṣebí nọ́ńbà lásán ni, mo gba tuntun. N ò mọ̀ pé ó ń tajà fún àwọn èèyàn mi.

Bọ̀dá Télọ̀:
Àgọ́ ọlọ́pàá ló kàn!

Olùkọ́ Feyìntì:
Ẹ rọra. Kí lẹ fẹ́ sọ fún ọlọ́pàá? Líìnì wà lórúkọ ọmọ náà, NIN ẹ̀ ló wà lórí ẹ̀. Àwọn oníléeṣẹ́ fóònù ò ní yọ ọ́ fún ẹlòmíì. Ẹ wá àgbà tó mọ ìyá ọmọ náà. Ṣé ẹ tiẹ̀ san owó iṣẹ́ ẹ̀ tán?

Aláṣọ Òfì:
Ẹ jẹ́ ká fi tìyẹn sílẹ̀, Bàbá.

Ọmọ Pólì:
Ẹ má ná kọ́bọ̀ sórí ìpolówó ná. Nígbà tẹ́ ẹ ń fi aṣọ ránṣẹ́ ní páàkì, ẹ ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó máa gbà á. Níbo ni ìwé yẹn wà?

Aláṣọ Òfì:
Ó wà níbí. Ọmọ mi ti fi kọ́ ABD lójú ewé bíi mélòó kan, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ ṣì hàn.

Ọmọ Pólì:
Ìwé yẹn lọjà yín. Ẹ pè wọ́n lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gbọ́ ohùn yín. Ẹ ní kí wọ́n fi nọ́ńbà tuntun pamọ́ sínú fóònù, kẹ́ ẹ fi tiwọn pamọ́ pẹ̀lú. Ẹ má fi iṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà o, WhatsApp lè ti nọ́ńbà tuntun tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ pa. Tí wọ́n bá ti fi yín pamọ́ tán ni kẹ́ ẹ tó wá to orúkọ wọn sínú broadcast, èyí tó ń fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan. Èèyàn 256 ni ẹyọ kan ń gbà, ẹni tí kò bá sì ní nọ́ńbà yín kò ní rí i gbà. Facebook yín ńkọ́, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ yín?

Aláṣọ Òfì:
Ó wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n nọ́ńbà àtijọ́ ló ṣì wà lórí ẹ̀.

Ọmọ Pólì:
Háà, Àǹtí! Ṣé nọ́ńbà yẹn náà lẹ fi ₦20,000 polówó?

Ìyá Ìbejì:
Olúwa ò!

Alhaja Aláǹkárá:
Ta ni mo wá sanwó sányán fún? Ìwọ, fi nọ́ńbà tuntun ẹ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, má kọ ọ́ síbí. Màá pe ọmọ yẹn láàárọ̀ ọ̀la bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan, kó kọ́kọ́ gbé aṣọ mi wá ná.