Báwo ni mo ṣe lè wọn ooru tó ń rọ ike PLA nígbà tí gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀?
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ike PLA tó máa ń jẹrà ni mo fẹ́ fi ṣe fóòmù. Láìsí gáàsì, nǹkan bí 60°C ló ti ń rọ̀. Tí CO2 bá ti wọ inú rẹ̀, ooru tó kéré sí ìyẹn ti tó. Ike náà tún ń tètè dì bíi kírísítà, á funfun bí ẹfun, kò sì ní wú dáadáa mọ́. Mo ti dán nitrogen wò, àmọ́ ìyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé. DSC lásán (ẹ̀rọ tó ń wọn bí ooru ṣe ń wọ inú nǹkan tàbí jáde nínú rẹ̀) ni mo ní. Kí n tó gbé ike débẹ̀, gáàsì ti ń sá jáde (ìyẹn gan-an ló ń dá mi lágara). Láìra DSC tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìfúnpá gáàsì, ọgbọ́n wo ni mo lè ta sí i? Ẹ má bínú, ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú.