Ẹni tó bá ti bá odídẹrẹ́ gbélé rí, ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Òkè-Àdó

Bàbá àgbà ti ra odídẹrẹ́ tilé wa kí wọ́n tó bí mi, nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, èyí tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa máa ń lo ọdún 40 sókè lọ́dọ̀ èèyàn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni kéèjì rẹ̀ wà, níbi tí gbogbo ọ̀rọ̀ ilé ń gbà kọjá. Òun ló máa ń kọ́kọ́ pariwo “Up NEPA!” tí iná bá dé. Tí iná ò dé náà, á pariwo, àwọn ọmọ á sì sáré lọ tan tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ wá wò ó nígbà tó bá ń jẹ ẹyìn. Á fi ẹsẹ̀ kan dúró, á fi ìkejì gbé ẹyìn náà sókè bí ọmọdé tó ń jẹ àgbàdo, á máa yí i díẹ̀díẹ̀, àgógó dúdú yẹn á máa họ ọ́ títí tó fi máa ku ẹkùrọ́ nìkan. Epo á ti yí i lẹ́nu. Á nù ún mọ́ igi lọ́tùn-ún, á nù ún lósì, kó tó wá bojú wò yín. Ẹ má wọ aṣọ dúdú sún mọ́ ọn ṣá, lẹ́búlẹ́bú funfun tó wà nínú ìyẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn gbayì.

Nígbà tí ìyá àgbà kú, ẹyẹ ò mọ̀ pé wọ́n ti kú. Ìdájí ló máa ń bẹ̀rẹ̀: “Ṣé ẹ ò tíì jí nínú ilé yìí ni?” Á sì wú ikọ́ tí wọ́n máa ń wú tẹ̀lé e. Àwọn àǹtí mi ní ká gbé e fún ẹlòmíì, pé kò dáa kéèyàn máa gbọ́ ohùn òkú láàárọ̀. Bàbá àgbà ní ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ kó padà sílé ọkọ rẹ̀. Àwọn fúnra wọn máa ń dá a lóhùn ni: “A ti jí o, ìyá ọmọ.”

Kí ni tiyín ń sọ?

Ìyá Mọ́níyà

Tiwa ò sọ nǹkan kan mọ́. Ọkọ mi ló mú ní ọ̀rẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ ọkọ mi lọ sí Àbújá, ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ara rẹ̀ tu ìyẹ́ àyà rẹ̀ títí tó fi rí borokoto. Dókítà ẹran ní ìdáwà ni. Nínú igbó, ọ̀wọ́ ni wọ́n máa ń rìn, wọ́n á jọ sùn pọ̀ lórí igi lálẹ́. Àwa wá gbé e sí kọ̀rọ̀ kíṣìnnì. Ó ní ká máa gbé e sí oòrùn. Ó tún kìlọ̀ pé ká má fún un ní píà láé, májèlé ni fún un. Háà, píà tí èmi ń gé fún un bí ẹni ń ṣìkẹ́ ọmọ! Ìrù ṣì pọ́n dáadáa, àmọ́ àyà ò tíì bò.

Ọmọ Bódè

Nǹkan ìbílẹ̀ ni bàbá mi ń tà, mo mọ ìkóóde, ìyẹ́ pupa ìrù odídẹrẹ́, dáadáa. Ìyẹ́ 12 péré ló wà nírù odídẹrẹ́ kan. Tó bá pa ìyẹ́ dà, á já bọ́, òmíràn á hù, nítorí náà kò sídìí láti pa ẹyẹ nítorí adé tàbí orò. Àwọn tó ń fi àtè mú wọn lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti kó wọn sókè òkun ló ba nǹkan jẹ́. Ní Ghana, àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé 90 sí 99 nínú 100 ló ti lọ láti 1992. Ọdún 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó pàdé ní Johannesburg ṣẹ̀ṣẹ̀ fòfin de títa odídẹrẹ́ igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ó ti pẹ́ jù, lójú tèmi. Àwọn ará Ìwó tí wọ́n ń kì ní olódídẹrẹ́, ẹ bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n rí ọ̀kan tó ń fò gbẹ̀yìn. Ní ṣọ́ọ̀bù, ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n pa láró pupa lẹlòmíì ń rà báyìí.

Ará Ìbàdàn lókè Kenya

Ẹ̀bá Òkè Kenya ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Odídẹrẹ́ tibí kì í ṣe eléérú o. Àwọ̀ ewé ni, iwájú orí rẹ̀ àti ìgbọ̀nwọ́ apá rẹ̀ ló pọ́n. Igbó orí òkè tó tutù ló ń gbé, èso igi podo sì wà lára oúnjẹ rẹ̀. Tó bá ti bà sórí igi, ojú yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ kẹ́ ẹ tó rí i. Láàárọ̀ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ igbe wọn, ńṣe ni mò ń wá kéèjì kiri. Ìyá mi tó máa ń ṣàdúrà fún mi lórí fóònù pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ ní ṣé wọ́n ń sọ̀rọ̀. Mo ní wọn ò tíì bá mi sọ̀rọ̀.

Ọmọ Òkè-Àdó

Ìyá Mọ́níyà, ẹ gbé e kúrò ní kíṣìnnì lónìí, ẹ gbé e síbi tí èèyàn wà. Ẹ so ẹyìn kọ́ sókè kéèjì, kó ṣiṣẹ́ kó tó jẹ ẹ́. Kí ọkọ yín náà sì máa bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ kàn gbé e sétí kéèjì. Ọmọ Bódè, gbogbo ìkóóde tó já nílé wa wà nínú agolo mílíìkì. A ò tà á o, ẹ má wulẹ̀ béèrè.