Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ gbé ilé àwọn oníṣẹ́ọnà rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Aládìrẹ ni mí l'Óṣogbo. Mo fẹ́ kọ̀wé sí G.A.S. (Guest Artists Space), ilé tí Yinka Shonibare, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ọnà nì, dá sílẹ̀ káwọn oníṣẹ́ọnà lè wá gbé ibẹ̀ fúngbà díẹ̀, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ wọn. Ọ̀kan wà l'Ékòó, èkejì wà lóko ní Ìjẹ̀bú. Ti Ìjẹ̀bú ló wù mí, torí ìkòkò aró kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé sínú yàrá: ó ń rùn, omi eérú sì ń kán sílẹ̀.

Ṣé wọ́n máa ń gba irú wàhálà yìí láyè nírú ilé bẹ́ẹ̀? Ṣé kí n là á mọ́lẹ̀ nínú lẹ́tà, àbí kí n dákẹ́ títí wọ́n á fi mú mi?

Àlàyé tí mo fẹ́ kọ nípa iṣẹ́ mi gan-an ló ń dà mí láàmú. Mo lè fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún ya Ìbàdàndùn, ọ̀kan nínú àwọn àrà àdìrẹ àtijọ́, tòun ti òpó gbọ̀ngàn Mápó, láìwo ibì kankan. Ṣùgbọ́n kí n wá kọ ìdí tí mo fi ń yà á! Ta ló lè bá mi ka èyí tí mo kọ?

Ẹ tún bá mi sọ: ṣé ẹnikẹ́ni ti mú ọmọ kékeré dání lọ rí? Ọmọ ọdún 3 ni tèmi.