Dróònù tó ń gbéra lóòró tó tún ń fò bí báàlù: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀. Tèmi ní injìn mẹ́rin tó kọjú sókè, àwọn yẹn ló fi ń gbéra nílẹ̀, ìkarùn-ún wà nídìí tó ń tì í síwájú. Gbígbéra ò fún mi ní wàhálà o, ibi tó ti ń kúrò lórí ìdúró bọ́ sí fífò bíi báàlù gan-an ni iṣẹ́ wà. Mi ò fi ẹ̀rọ tó ń wọn eré afẹ́fẹ́ sí i, mo ní GPS á ṣe é, bẹ́ẹ̀ eré tó fi ń lọ lórí ilẹ̀ ni GPS ń wọ̀n, kì í ṣe eré afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ kọjá lára apá. Lọ́jọ́ yẹn atẹ́gùn ń bọ̀ látẹ̀yìn ẹ̀, mo ní kó máa lọ, GPS ní eré ẹ̀ ti tó mítà 15 ní sẹ́kọ́ńdì kan, ni kọ̀ǹpútà inú ẹ̀ bá pa injìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí n tó ṣẹ́jú, apá òsì ti lọ sílẹ̀, ó forí sọlẹ̀ gbàà!

Ìgbà tí mo jókòó ṣírò ẹ̀ ló tó yé mi. Atẹ́gùn tó ń tì í lẹ́yìn ń sá mítà 6, afẹ́fẹ́ tí apá rí gbà ò wá ju mítà 9 lọ, bẹ́ẹ̀ bí eré bá wálẹ̀ sí ìdajì, agbára tí apá fi ń gbé e á wálẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Ó ṣe fẹ́ dúró? Ní báyìí mo ti fi pitot sí i, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wọn eré afẹ́fẹ́ yẹn, mo sì máa ń kọjú ẹ̀ sí atẹ́gùn kí n tó ní kó bọ́ sí fífò bíi báàlù.

*

Ẹ pẹ̀lẹ́ bọ̀dá mi, ó dùn mí gan-an. Tèmi ò já o, ṣùgbọ́n tó bá ti dúró lójú kan lókè, imú ẹ̀ á máa yí lọ sọ́tùn-ún, mo ń dá a padà ó tún ń lọ, bátìrì á sì tán kíá. Mo tún gbogbo settings ṣe, pàbó. Ọjọ́ kan tó balẹ̀ ni mo fọwọ́ kan àwọn injìn náà níkọ̀ọ̀kan: iwájú òsì àti ẹ̀yìn ọ̀tún gbóná débi pé mi ò lè gbọ́wọ́ lé e, méjì yòókù lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó látiwájú, àṣé ibi tí mo de injìn iwájú ọ̀tún mọ́ ti yọ̀ lára ọ̀pá carbon róbótó yẹn, ó ti tẹ̀ sọ́tùn-ún díẹ̀, òun ló ń ti imú lọ, àwọn méjì tó gbóná yẹn ló ń forí ṣe fọrùn ṣe láti dá a padà. Ọ̀pá onígun mẹ́rin ni mo lò báyìí, kò lè yí mọ́, tó bá sì ti balẹ̀ báyìí, injìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo kọ́kọ́ máa ń fọwọ́ kàn.