Ẹnà tí mo kọ, tó wá di àdììtú fún èmi fúnra mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọ̀nà ìkọ̀wé àṣírí tí mo ṣe fúnra mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

JSS 2 ni mo wà ní 2004, a sì ń gbé nítòsí Mápó. Bọ̀dá mi máa ń jí ìwé tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ inú mi sí, á wá máa kà á sókè nídìí oúnjẹ alẹ́. Ẹnà ẹnu tí àwa ọmọdé ń sọ, ó gbọ́ ọ jù mí lọ. Mo bá ní èmi á ṣe ABD tèmi.

Ilé kéwú ni mo ti kọ́kọ́ jalè. Lórí wàláà, ara kan náà ni bá àti tá ní, àmì róbótó kéékèèké ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Èmi náà ya ara kan fún b, p àti gb, mo fi róbótó pín wọn. Píì àti tẹ́tà wá láti inú ìwé ìṣirò. Mo tiẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ kí sílébù kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀. Mo ṣírò ó: kọ́ńsónáǹtì 18, fáwẹ́lì 7, ó di 126, mi ò tíì kan àránmúpè. Mo yáa jọ̀wọ́ rẹ̀. (Ìgbà tí mo dàgbà ni mo gbọ́ pé Momolu Duwalu Bukele ṣe irú ẹ̀ fún èdè Vai ní Làìbéríà ní nǹkan bí 1833, àmì ibẹ̀ sì lé ní 200. Sùúrù baba yẹn pọ̀.)

Ohùn ló wá dà mí láàmú. Igba, igbá, ìgbà: bẹ́ẹ̀ àmì ohùn ni gbogbo wa máa ń fò tá a bá ń kánjú. Mo bá fa ìlà. Fáwẹ́lì olóhùn òkè á jókòó sórí ẹ̀, ti àárín á gba inú ìlà kọjá, ti ìsàlẹ̀ á so rọ̀ bí àdán. Kò sí bó o ṣe fẹ́ fò ó. Ńkò, ìyẹn àwọn lẹ́tà ìkọ̀wé tí Solomana Kanté ará Guinea ṣe ní 1949, náà kì í fi ohùn ṣeré, àmọ́ àmì ni tiẹ̀ ń gbé sórí fáwẹ́lì. Tèmi tún wù mí jù, ẹ má bínú.

Nítorí ìbẹ̀rù bọ̀dá mi, mo ju ìwé atọ́nà ABD mi, èyí tó sọ lẹ́tà tí àmì kọ̀ọ̀kan dúró fún, sínú iná àdògán.

Ọdún tó kọjá ni mo bá ìwé ọ̀rọ̀ inú mi tí mo fi ABD náà kọ nínú àpótí ìyá àgbà. Mi ò lè ka ẹyọ kan! Ohùn nìkan ni mo rí, nítorí òkè ṣì ni òkè, ìsàlẹ̀ ṣì ni ìsàlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kọ ìlà kan lórin: dò dò dò, re dò dò dò, mí mí re mí dò mí.

Ìyá àgbà ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, wọn ò gbójú sókè. "Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé. Ṣé o ti fẹ́ di onílù ni?"

Ìlà kan yẹn fún mi ní fáwẹ́lì mẹ́fà, ẹ nìkan ló kù, àti kọ́ńsónáǹtì mẹ́jọ. Mo fi orí pípé wá ìyókù. Ojú ewé tí mo tìtorí ẹ̀ ṣe gbogbo wàhálà yìí, ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀? Mo gba 4 nínú 20 ní ìṣirò, mo sì parọ́ pé wọn ò tíì dá ìwé padà.

Mi ò tíì sọ fún bọ̀dá mi. Ìyá àgbà tí kò mọ A yàtọ̀ sí àkàbà ti ní kí n fi kọ orúkọ àwọn tó jẹ wọ́n lówó ẹ̀lùbọ́ sára ògiri. Mo ti kọ mẹ́ta.