Àbúrò mi ti padà sílé
Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo béèrè níjọ́sí nípa àbúrò mi ní Iléṣà, tí ibà mú, tó ń sọ kántankàntan, tí wárápá sì gbé e. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é. Ó dùn mí pé oògùn ibà la kọ́kọ́ fi ọjọ́ mẹ́ta fún un.

Àwọn dókítà fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò: fáírọ́ọ̀sì herpes simplex, èyí tó ń fa egbò ètè, ló wọ ọpọlọ. Láìsí ìtọ́jú, nǹkan bí 70 nínú 100 ló ń kú. Acyclovir, oògùn tó ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì yìí, ni wọ́n fi sí i lójú iṣan, ọjọ́ 21 gbáko.

Ó ti dá wa mọ̀ báyìí. Àmọ́ tó bá di ọ̀sán, kì í rántí ohun tó jẹ láàárọ̀. Apá tí ìrántí wà nínú ọpọlọ ni àrùn yìí máa ń bá jà jù. Wárápá kò gbé e mọ́. Mo pa ọ̀rọ̀ náà dé níbí.